Ìsọ̀ wo lẹ fẹ́ pàtẹ sí? Bí a ṣe ń yan ohun kan ṣoṣo tí ìkànnì tuntun yóò dúró lé

Ẹni tó bá wọ ọjà Wàńdò ní Àjàṣẹ́ láti ra ata kì í lọ wò ó ní ìsọ̀ aláṣọ. Ó mọ ibi tí àwọn aláta jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ń gbà tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google lórí pọtáàbù rẹ̀. Ohun kan pàtó ló ń wá, ìkànnì tí ohun yẹn bá sì kún inú rẹ̀ ni yóò ṣí. Ìkànnì tó ń sọ ti oúnjẹ lónìí, ti bọ́ọ̀lù lọ́la, ti ìlera lọ́tunla dà bí ẹni tó da ata, bàtà àti aṣọ pọ̀ sórí àtẹ kan lẹ́yìn ọjà: kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun lè wá rà níbẹ̀.

Nínú ìlànà yìí, "ìsọ̀" ni a ó máa pe ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yín dúró lé. Ìsọ̀ kan ní nǹkan mẹ́ta: irú ènìyàn kan, wàhálà kan tó ń bá ẹni yẹn fínra, àti ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ tí yóò bá a yanjú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kù, ìsọ̀ kò tíì pé.

"Iṣẹ́ àgbẹ̀" kì í ṣe ìsọ̀, odindi ọjà ni. "Adìyẹ sísìn" ṣì gbòòrò jù. Ṣùgbọ́n "ẹni tó fẹ́ sin ọgọ́rùn-ún adìyẹ ẹran lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní agbègbè Àjàṣẹ́, kó lè tà wọ́n nígbà Kérésì", ìsọ̀ nìyẹn. Ẹ wo bí ohun tí ẹ máa kọ ṣe hàn kedere lójú ẹsẹ̀. Adìyẹ ẹran máa ń tó tà ní nǹkan bí ọjọ́ 45, nítorí náà ọmọ adìyẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ oúnjẹ bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún kó tó tó tà. Ọgọ́rùn-ún adìyẹ á jẹ 400 sí 500 kílò, ìyẹn àpò 50 kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àjẹsára Newcastle àti ti Gumboro, àrùn adìyẹ méjì, ní ọjọ́ tiwọn, ẹni tó bá gbàgbé lè sọ gbogbo agbo nù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ti rí ojú ewé mẹ́rin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú: kàlẹ́ńdà, ìṣirò oúnjẹ, àjẹsára, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bí ìsọ̀ bá dára, iṣẹ́ inú rẹ̀ máa ń sọ ara rẹ̀ fúnni báyìí.

Ìwé kékeré kan, ọjọ́ mẹ́wàá

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bi yín sínú rẹ̀: ní ibi iṣẹ́, lẹ́yìn ìsìn, ní mọ́ṣáláṣí, lórí WhatsApp. Ẹ fa ìlà mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ kọ ìbéèrè náà bí ẹnu ẹni náà ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má tún un ṣe, torí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni yóò tẹ̀ sínú Google. Nínú ìkejì, irú ẹni tó béèrè: akẹ́kọ̀ọ́ ni àbí ìyá ọlọ́jà, àgbẹ̀ ni àbí aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda. Nínú ìkẹta, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti náwó lórí ọ̀ràn náà rí, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀.

Ìlà kẹta yìí ló wúwo jù. Ẹni tó ti san 5,000 sẹ́fà fún ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn yóò san fún èyí tó dára. Ẹni tó sọ pé "ó dára o, ó wù mí" ṣùgbọ́n tí kò tíì ná sẹ́fà kan lórí rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ ìwúrí ló fún yín. Ìwúrí dára, kò sì lè ra kírédì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ìfẹ́ ohun náà wúlò, torí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ ṣì máa kọ̀wé ní oṣù kẹfà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kí yín. Ṣùgbọ́n òun nìkan kì í mú oníbàárà wá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìmọ̀, a sì lè wọn ìyẹn: ẹ jókòó fún wákàtí kan, kí ẹ kọ àkọlé ọgbọ̀n tí ẹ lè ṣàlàyé dáadáa láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá dúró sórí àkọlé méjìlá, yálà ìsọ̀ náà ti há jù, tàbí ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n tó. Èyí kejì ló wọ́pọ̀ jù. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ jọ ṣe é.

Ohun tí ilẹ̀ yín ní

Ẹni tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ ní ohun tí ẹni tó wà ní Paris tàbí Èkó kò ní: ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, kó ya fọ́tò, kó béèrè iye. Ẹ lo àǹfààní yìí kí ẹ tó lọ máa tún ohun tí gbogbo ayé ti kọ kọ.

Ẹ wo Kétu. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, wà níbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2008 sì ti inú ilẹ̀ yẹn wá. Ní Bùràsíìlì, pàápàá ní Bahia, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ló ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí dòní. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Bẹ̀nẹ̀ gbé òfin jáde tó fún àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láǹfààní láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ so gbogbo ìyẹn pọ̀: ẹnì kan ní Bahia fẹ́ wá sí Kétu, kò gbọ́ Faransé, kò mọ ibi tí yóò sùn, kò mọ ẹni tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, kò sì mọ iye tó yẹ kó san fún ọkọ̀ láti Kútọnu. Ìkànnì kékeré ní èdè Potogí tó dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́rin yẹn, tó sì ní nọ́ńbà WhatsApp ẹnì kan tó ń dáhùn, jẹ́ ìsọ̀ tó mọ oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà yóò kéré, àmọ́ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa san á ga. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni èdè: bí ẹ kò bá ní ẹni tó gbọ́ Potogí dénú láti tún ìtumọ̀ ẹ̀rọ ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ní Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ kajú yàtọ̀. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tútù jáde kúrò ní Bẹ̀nẹ̀. Ìkànnì tó fẹ́ so àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń kó kajú tútù lọ sí òkè òkun ti pàdánù ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Èyí tó ń sọ nípa yíyan, pípa àti títa ẹ̀pà kajú fún àwọn ará ilé sì rí àyè. Ẹ máa bi ara yín nípa ìsọ̀ gbogbo: òfin wo, tàbí iye owó wo, ló lè pa á lóru ọjọ́ kan?

Àwọn tó ń rajà láti Nàìjíríà gba bodè Ìgòlò tàbí Ìlárá mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Sẹ́fà so mọ́ yúrò ní 655.957, kì í mì. Nàìrà kò so mọ́ ohunkóhun bẹ́ẹ̀, ó sì ti já lulẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà 2023. Bí ẹ bá ń fi nàìrà rà tí ẹ ń fi sẹ́fà tà, ẹ tún iye ojú ìkànnì yín ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọjọ́ tí iye náà máa parí sí i lára. Ẹni tó kọ iye oṣù mẹ́ta sẹ́yìn sójú ìkànnì á bá oníbàárà jà lójoojúmọ́.

Ṣé ẹnikẹ́ni ń wá a?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á ní "gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀", wọn ò sì wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ ẹ́. Nílò yàtọ̀ sí wíwá.

Ẹ ṣí Google ní ojú fèrèsé tí kì í tọ́jú ìtàn (navigation privée), kí ohun tí ẹ ti ń wò tẹ́lẹ̀ má baà da àbájáde rú. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín ní Faransé, ẹ fi "au Bénin" tàbí "à Porto-Novo" kún un, kí ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì ìwákiri. Ẹ ka ohun tí Google ń dábàá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e: "élevage poulet de chair a", "b", "c", títí dé òpin. Gbogbo àbá tó jáde jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ti tẹ̀ rí. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ tún wo àpótí ìbéèrè tó máa ń wà láàárín àbájáde, kí ẹ tẹ ọ̀kan, á ṣí òmíràn. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó yẹ kí ẹ ní ogójì gbólóhùn ó kéré tán. Bí ẹ kò bá rí ju mẹ́fà lọ, ẹ padà lọ sínú ìwé kékeré yín.

Google Trends, ojú ewé Google tó ń fi hàn bí wíwá ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ga tó sì ń rẹlẹ̀, wúlò fún ohun kan: àsìkò. Nọ́ńbà 0 sí 100 tó ń fi hàn kì í ṣe iye ènìyàn. 100 ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wá a jù nínú àkókò tí ẹ yàn, èyí tó kù ni a fi wọn ọ́n. Ẹ má sì bẹ̀rù bí ó bá ní kò sí dátà tó fún Bẹ̀nẹ̀, orílẹ̀-èdè wa kéré ni. Ẹ yan ọdún márùn-ún, ẹ tún fi Côte d'Ivoire àti Senegal wò ó. Bí àkókò tí ó ń ga bá jọ ara, ẹ ti mọ oṣù tó yẹ kí iṣẹ́ yín ti wà ní sẹpẹ́.

Keyword Planner ti Google Ads, irinṣẹ́ tó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan lóṣù, jẹ́ ọ̀fẹ́ bí ẹ bá ṣí àkáǹtì, àmọ́ bí ẹ kò bá náwó lórí ìpolówó, kò ní fún yín ní iye gidi, àlàfo ló máa fún yín: 10 sí 100, 100 sí 1,000. Ẹ má kẹ́gàn "10 sí 100". Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá ń wá ibi tí wọ́n ti lè ra ẹ̀rọ ìrọgàrí ní Bẹ̀nẹ̀ lóṣù, tí ẹ sì ń ta ẹ̀rọ ìrọgàrí, ọgbọ̀n yẹn sàn ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó ń wá àwòrán ẹ̀rín lọ.

Google nìkan kọ́ lọjà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní pọtáàbù láti Pobẹ́ dé Ṣábẹ kì í jáde kúrò lórí Facebook, WhatsApp àti TikTok. Ẹ wọ ẹgbẹ́ Facebook mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ìsọ̀ yín wà, ẹ lo àpótí ìwákiri inú ẹgbẹ́, kí ẹ tẹ "prix", "où trouver", "qui connaît". Ìbéèrè kan náà tó padà wá nígbà márùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta, tí ìdáhùn abẹ́ rẹ̀ kò sì ju "inbox" lọ, ìsọ̀ tí kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ní ìhà tiwa, èdè wà lára ìsọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe aṣọ tí a wọ̀ fún un nígbẹ̀yìn.

Ẹni tó kàwé ní Bẹ̀nẹ̀, Faransé ló máa fi tẹ ìbéèrè rẹ̀, àní bó bá ń sọ Yorùbá nílé. Nítorí náà ìkànnì tó fẹ́ kí Google mú àwọn ènìyàn wá gbọ́dọ̀ ní àkọlé ní Faransé, àyàfi bí ohun tí ẹ ń tà bá jẹ́ èdè àti àṣà fúnra rẹ̀: oríkì, orúkọ ọmọ, ìwé ìkọ́ni fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Faransé tàbí Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá yàn láti kọ Yorùbá, ìṣòro kejì ń dúró. Ìkọ̀wé méjì ló wà. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ, sh àti kp: ɔjà, ishu, ekpo. Ará Nàìjíríà á kọ ọjà, iṣu, epo. Ẹni tó sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kì í fi àmì kankan sí i: "oja", "isu". Ẹ yan ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ inú ìwé yín, kí ẹ má yí i padà, kí ẹ sì fi èyí tí kò ní àmì sínú àdírẹ́sì ojú ewé. Bí oníbàárà yín bá wà ní òdìkejì bodè, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ fíìfíì, ìkọ̀wé ti Nàìjíríà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ iye ní nàìrà. Bí wọ́n bá wà ní abúlé Kétu tàbí Ṣábẹ, ẹ fi ohùn ṣe é. Ohùn ìṣẹ́jú méjì lórí WhatsApp, ní ẹ̀ka èdè tiwọn, á dé etí ìyá tí kò kàwé rárá, ọmọ rẹ̀ á sì bá a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó gbọ́kàn lé owó ìpolówó gbọ́dọ̀ mọ̀: Yorùbá kò sí nínú àwọn èdè tí Google AdSense, ètò tó ń fi ìpolówó sójú ìkànnì tó sì ń sanwó fún ẹni tó ni ín, ń gbà. Ní Faransé pàápàá, 100 dọ́là ni owó gbọ́dọ̀ tó kí AdSense tó sanwó. Bí a bá ní ẹgbẹ̀rún ojú ewé tí àwọn ènìyàn kà mú dọ́là kan wọlé, ẹ nílò ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kíkà kí ẹ tó gba owó àkọ́kọ́. Ìkànnì tuntun tí ìsọ̀ rẹ̀ há kò ní rí ìyẹn ní ọdún kìíní. Ẹ gbé ìsọ̀ yín ka títa ọjà tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kí owó ìpolówó jẹ́ ènì.

Ìṣirò tó ń yí ìsọ̀ padà

Ẹ jẹ́ ká mú kajú yíyan láti Ṣábẹ, tí a fẹ́ tà fún àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní kílò kan kajú yíyan jẹ́ 6,000 sẹ́fà dé ọwọ́ yín, pẹ̀lú owó ọkọ̀ bíi 250 kìlómítà láti Ṣábẹ dé Kútọnu. Ẹ pín in sí ọ̀rá 250 gíráàmù mẹ́rin: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,500. Ọ̀rá àti ìwé ara rẹ̀ jẹ́ 150. Ó di 1,650. Ẹ tà á ní 2,500, ó ku 850. Oníbàárà ló ń san owó zẹmíjàn.

Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní èrè 850 ti pọ̀. Ẹ má dúró. Owó tí MoMo, Moov Money tàbí ilé ìsanwó bíi FedaPay àti KKiaPay máa yọ: ká fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò rẹ̀, 50 sẹ́fà. Nínú ìránṣẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kan á kùnà: oníbàárà kò gbé fóònù, zẹmíjàn ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ ó san 1,000 rẹ̀. Ìyẹn 100 lórí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń polówó lórí Facebook, ká ní oníbàárà kan ná yín ní 500. 850 ti di 200. Kí ẹ tó rí 52,000 lóṣù, ẹ gbọ́dọ̀ ta fún 260 ènìyàn. Kò sí bí ẹnì kan ṣe máa dá dáhùn ìpè 260 ènìyàn, kó tún di ọ̀rá, kó tún máa wá zẹmíjàn.

Ẹ wá ta kílò kan ní ìkan, 10,000 sẹ́fà, ọ̀rá mẹ́rin pọ̀. Ó ku 3,400. Ẹ yọ 200 ti ìsanwó, 100 ti ìránṣẹ́ tó kùnà, 500 ti ìpolówó: 2,600. Ogún oníbàárà péré ló máa mú 52,000 wá.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ra kílò kan kajú lẹ́ẹ̀kan? Kì í ṣe ẹni tí ebi ọ̀sán ń pa. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó ni, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì tó ń gba àlejò, ọmọ ilé tó ń padà sí Faransé tó fẹ́ gbé nǹkan ilé lọ́wọ́. Ìṣirò ti yí ìsọ̀ padà mọ́ wa lọ́wọ́: a kò ta ìpanu mọ́, kajú ìnáwó àti ti ẹ̀bùn là ń tà. Àkọlé ìkànnì á yí padà, fọ́tò á yí padà, ìkéde á bọ́ sí oṣù ìgbéyàwó àti oṣù kejìlá. Ìdí nìyí tí ìṣirò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ àti àwọ̀ ìkànnì. Ẹ rántí náà pé oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ká kajú, ìgbà yẹn ni kí ẹ ti bá aládàáni tó ń yan án sọ iye tó máa dúró fún ọdún.

Àsìkò lè pa ìsọ̀ mìíràn pátápátá. Ìbéèrè àtijọ́ BEPC àti BAC jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kíkankíkan, àmọ́ bí ìdánwò bá ti parí ní oṣù kẹfà, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ẹni tó yan ìsọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò tà láti oṣù keje sí oṣù kejìlá: ìtọ́sọ́nà sí yunifásítì, ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi.

Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú yín

Ìsọ̀ tí kò sẹ́nìkan rárá nínú rẹ̀ yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ti gbìyànjú ti kó ẹrù wọn lọ. Ẹ ṣí àbájáde mẹ́wàá àkọ́kọ́ fún gbólóhùn márùn-ún tó ṣe pàtàkì sí yín. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ti ìjọba, ti ilé ìwé ìròyìn ńlá àti ti ilé iṣẹ́ òkèèrè, tí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè náà dáadáa, ẹ gé ìsọ̀ yín kéré sí i. Ẹ máa wo àbùkù: ojú ewé tó ti lé lọ́dún mẹ́ta, èyí tí kò kọ iye, èyí tó ń sọ ti Faransé tí kò mọ ọjà wa, fáìlì PDF tí kò ṣe é kà lórí fóònù, nọ́ńbà tí kò wọlé mọ́. Lórí èyí: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ di ẹyọ mẹ́wàá, 01 ló ṣíwájú. Ẹ̀yin ẹ kọ tiyín bó ṣe yẹ, pẹ̀lú +229 01.

Ẹ tún lọ sí ibi tí Facebook ti ń fi gbogbo ìpolówó hàn, Ad Library, kí ẹ yan Bẹ̀nẹ̀. Ìpolówó kan tó ti ń jáde fún oṣù mẹ́ta láì dúró, ẹnì kan ń jèrè níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa fi owó ara rẹ̀ ṣòfò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dúró lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ yà fún

Oògùn. Àgbo tó ń wo àtọ̀gbẹ, oògùn ìfúnpá, ohunkóhun tí ẹnì kan lè gbé mì. Òfin lágbára lórí rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, Google náà sì ń fọwọ́ líle mú ojú ewé tó kan ẹ̀mí àti owó ènìyàn, ó máa ń wá ẹ̀rí pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá jẹ́ oníṣègùn tàbí apòògùn, ẹ fi í sílẹ̀. Owó yíyá, ìwé ìrìnnà àti "iṣẹ́ ní Kánádà" náà, ẹ yẹra: àwọn jìbìtì ti kún ibẹ̀ débi pé olóòótọ́ kò lè yọ. Kódà nínú ìsọ̀ mímọ́, àwọn jàgùdà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Ẹ fi ojú àti ibùdó yín hàn, ẹ yan ibì kan tí gbogbo ayé mọ̀ tí oníbàárà lè ti gba ọjà, kí ẹ sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà nígbà tí ọjà bá dé, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ń kó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn jọ, ẹ mọ̀ pé òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, Code du numérique, ń ṣàkóso rẹ̀, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn, ló sì ń mójú tó o. Ẹ béèrè àyè kí ẹ tó fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sínú ẹgbẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ẹ tó ra orúkọ

Ẹ fi WhatsApp Business dán an wò kí ẹ tó kọ́ ìkànnì kankan. Ẹ gbé ohun kan ṣoṣo sí kátálọ́ọ̀gì, pẹ̀lú iye, fọ́tò mẹ́ta tí ẹ fúnra yín yà, àti ọjọ́ tí ọjà máa dé. Ẹ fi sí ìpò (statut) WhatsApp yín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ìdáhùn ìbéèrè kan ní òwúrọ̀, ọjà náà ní alẹ́. Ìkéde WhatsApp tí a ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan (liste de diffusion) gba 256 ènìyàn, àwọn tó sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù wọn nìkan ló máa rí i, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bẹ ẹnikẹ́ni ni kó fi nọ́ńbà yín pamọ́. Ẹ fi 10,000 sí 15,000 sẹ́fà polówó, kí ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá ni ogún ènìyàn tó bá yín sọ̀rọ̀, àti mẹ́ta tó san àsansílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ 1,000. Bí ogún bá sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì san, ẹ pe márùn-ún nínú wọn, kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní ó wọ́n, ẹ ti bá irú ènìyàn mìíràn sọ̀rọ̀. Ìsọ̀ ṣì lè dára. Bí wọ́n bá ní àwọn ń bẹ̀rù, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ìṣòro. Bí wọ́n bá ní àwọn máa rà á tó bá yá, wàhálà náà kò dùn wọ́n tó, ẹ wá òmíràn.

Bí mẹ́ta bá san, ẹ wá ra orúkọ. Orúkọ .com máa ń jẹ́ bíi 10 sí 15 dọ́là lọ́dún; .bj fi hàn pé Bẹ̀nẹ̀ ni yín. Ẹ pe orúkọ náà fún ẹnì kan lórí fóònù nínú ariwo ọkọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣì í kọ, ẹ yan òmíràn. Ẹ má fi nǹkan bí "kajúpọ̀" sí orúkọ tí yóò dí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́ ta iṣu lọ́la, ẹ má sì lo àmì lórí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ẹ gba IFU yín, ìyẹn nọ́ńbà owó orí. Ẹni tó fẹ́ forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lè ṣe é lórí monentreprise.bj láì kúrò nílé.

Ojú ewé mẹ́wàá ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè kan láti inú ìwé kékeré yẹn. Ẹ so Google Search Console, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bí ìkànnì yín ṣe ń jáde nínú ìwákiri, mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun méjì. Bí ojú ewé yín bá ń hàn nínú ìwákiri tí ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ ẹ́, àkọlé ni kí ẹ tún kọ. Bí kò bá tilẹ̀ hàn rárá, ọ̀rọ̀ tí ẹ lò kọ́ ni àwọn ènìyàn ń lò. Ẹ padà lọ ka ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé yín.

Bí ìsọ̀ bá sì ń yọrí, ẹ má sáré lọ ṣí òmíràn fún ẹlòmíì. Ẹ di ènìyàn kan náà mú, kí ẹ yí wàhálà padà. Ẹni tó sin adìyẹ ọgọ́rùn-ún tà nígbà Kérésì, ní oṣù kìíní ó ní ìgbẹ́ adìyẹ tó kún ilé, ó ní gbèsè oúnjẹ adìyẹ láti san, ó sì ń ronú bóyá kó bẹ̀rẹ̀ adìyẹ ẹyin. Ojú ewé mẹ́ta nìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti wà nínú fóònù yín.